Ọbẹ̀ Adìẹ àti Àgbàdo: Bí Ẹ Ṣe Lè Sè É Kó Ki, Kó sì Jọ̀lọ̀

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní ti ọbẹ̀ adìẹ àti àgbàdo, sùúrù ló pa á. Ohun tó ń mú un ki, tó ń mú kó jọ̀lọ̀ lọ́nà ọ̀fun, kì í ṣe kíríìmù rẹpẹtẹ, kì í sì í ṣe fúláwà tí a bù sí i títí adùn rẹ̀ fi sá lọ. Àgbàdo fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Omi funfun tó wà nínú hóró rẹ̀, àti adùn tó kù sára ṣùkù tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jù nù, àwọn gan-an ni òpómúléró. Bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń gba nǹkan wọ̀nyí lára àgbàdo, ife mílíìkì kan péré ti tó fún ìkòkò èèyàn mẹ́fà.

Gbogbo rẹ̀ máa gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yẹn, ìkòkò ló ń dá ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Itan adìẹ tó ní eegun, kílò kan (ó máa ń tó itan mẹ́fà)
- Àgbàdo tútù márùn-ún. Bí kò bá sí, àgbàdo inú fírísà gíráàmù 600, tàbí agolo àgbàdo méjì
- Àlùbọ́sà méjì, aáyù hóró mẹ́ta, kárọ́ọ̀tì méjì
- Pòtétò kan tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù
- Bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì
- Mílíìkì olómi inú agolo, ife kan (mílílítà 250), tàbí kíríìmù, ìdajì ife
- Táìmù ṣíbí kékeré kan, iyọ̀, ata dúdú lílọ̀
- Omi lítà méjì

Mílíìkì tí mo ń wí yìí, èyí tí kò ní ṣúgà ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo dáadáa, nítorí mílíìkì mìíràn wà tó ki, tó sì dùn bí oyin, agolo tó jọ ti èkejì ni wọ́n sì ń rọ ọ́ sí. Bí ìyẹn bá ṣèèṣì wọ inú ọbẹ̀, kò sí àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí adìẹ

Itan ni mo fẹ́ kí ẹ lò, kì í ṣe àyà. Àyà adìẹ máa ń tètè gbẹ. Bó bá ti pẹ́ jù lórí iná, ńṣe ló máa ń rí bí òwú lẹ́nu. Itan ní ọ̀rá díẹ̀, ó ní iṣan, ó sì ní eegun. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá pẹ́ lórí iná jẹ́jẹ́, wọ́n á yọ́ sínú omi, omi náà á sì máa lẹ̀ mọ́ ètè díẹ̀díẹ̀. Ìlẹ̀mọ́ètè yẹn wà lára kíki tí à ń wá. Bí ẹ bá rí apá tàbí ọrùn adìẹ, ẹ sọ ọ́ mọ́ ọn. Bó bá sì jẹ́ pé àyà nìkan ló wà nílé, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ tètè yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20 tí ó bá ti jinná, kí ẹ wá jẹ́ kí ìyókù máa hó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ adìẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣòro gbà fún ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé fífọ̀ ni ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n omi tó ń ta kúrò lára adìẹ máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí bíi Campylobacter àti Salmonella lọ sára síńkì, sára aṣọ, àti sára àwo tó wà nítòsí. Lọ́dún 2014, Food Standards Agency, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Britain, ṣe ìpolongo pé kí àwọn èèyàn jáwọ́ nínú àṣà náà. Iná ló ń pa kòkòrò wọ̀nyí, omi kò lè pa wọ́n. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìyẹ́ lára adìẹ, ẹ fi bébà ìnuwọ́ nù ún, kí ẹ ju bébà náà nù, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó ìgẹ́ran kí ẹ tó fọwọ́ kan àgbàdo.

Àgbàdo: ibi tí ó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù

Ẹ yan èyí tí háhá rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tó dì mọ́ ara rẹ̀ pinpin. Ẹ ṣí háhá náà díẹ̀ lókè, kí ẹ fi èékánná tẹ hóró kan. Bí omi funfun bíi wàrà bá tú jáde, ó ti tó sè. Bí omi tó mọ́ gaara ló bá jáde, kò tíì gbó tó. Bí kò bá sí omi rárá, tí inú hóró ti le, ó ti gbó jù. Ọbẹ̀ irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ á ki lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á ti dín kù, á sì pẹ́ kó tó rọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣẹ́ àgbàdo lóko ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń yí padà di sítáàṣì, ooru sì máa ń mú kó yára sí i. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní sè é lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì tòun ti háhá rẹ̀. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí n fẹ́ràn àgbàdo inú fírísà ju àgbàdo tútù tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru lọ: kò pẹ́ tí wọ́n ká a tí wọ́n fi bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ di yìnyín, adùn rẹ̀ kò sì ráyè sá lọ.

Bí a ṣe ń gé e rèé. Ẹ bó háhá, ẹ fi ọwọ́ ra irun rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ kan sílẹ̀, ẹ na àgbàdo náà ró sí àárín rẹ̀, ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé hóró rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé jù, torí ìdí hóró le, ó sì máa ń há sí eyín. Ẹ fi ìdí náà sílẹ̀ lára ṣùkù. Nígbà tí ẹ bá gé e yípo tán, ẹ dojú ọ̀bẹ sókè, kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ha ṣùkù náà gidigidi, láti òkè délẹ̀. Ẹ máa rí oje funfun tí yóò máa ṣàn sínú abọ́. Oje yìí gan-an ni mo ń wí látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gé hóró tán tí wọ́n á ju ìyókù nù, tí wọ́n á wá máa wá sítáàṣì inú páálí kiri.

Ṣùkù márààrún, ẹ ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ kó wọn síbi tí ẹ kó adìẹ sí.

Ẹni tó bá ń lo àgbàdo agolo kò ní ṣùkù. Kí onítọ̀hún má da omi inú agolo nù, kó dà á mọ́ omi adìẹ. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ní iyọ̀, nítorí náà kó tọ́ omi náà wò kó tó fi iyọ̀ mìíràn sí i. Àgbàdo inú fírísà kò nílò ká yọ yìnyín rẹ̀, inú ìkòkò ló ń lọ tààrà.

Sísè omi adìẹ

Ẹ to adìẹ àti ṣùkù sínú ìkòkò ńlá. Ẹ gé àlùbọ́sà kan sí mẹ́rin, ẹ fi sí i, pẹ̀lú táìmù àti iyọ̀ ṣíbí kékeré kan. Ẹ da omi tútù lítà méjì lé e lórí, kí ẹ gbé e ka iná tí kò pọ̀ jù. Bó bá ti fẹ́ máa hó, ìfófòó eléérú á léfòó. Ẹ fi ṣíbí máa kó o kúrò. Kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀, omi á rú.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín iná kù gan-an. Ìhó tí à ń wá ni èyí tó máa yọ díẹ̀ níbí, tó máa yọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ojú omi á kàn máa mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ìkòkò bá ń hó kùtùkùtù, ọ̀rá adìẹ á fọ́ pò mọ́ omi, ẹran á sì le koko. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 40.

Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n ooru oúnjẹ, ẹ tì í bọ ibi tí ẹran ti nípọn jù lọ, kó má kan eegun. Kò gbọdọ̀ dín ní 74°C. Itan lè kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa kó sì rọ̀ sí i, àyà ni kò gbà á. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kó má fi àwọ̀ ẹran nìkan ṣe ẹ̀rí; kó jẹ́ kí ìṣẹ́jú 40 náà pé, kó sì rí i pé ẹran ń ṣí kúrò lára eegun láìjà.

Ẹ kó adìẹ sínú àwo kó fẹ́ díẹ̀. Ẹ kó ṣùkù jáde, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú ìkòkò kí omi tó mu lè ro padà, ìgbà yìí ni ẹ wá lè jù wọ́n nù. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi náà. Ó yẹ kó ṣẹ́ kù tó lítà kan àtààbọ̀. Bí ọ̀rá ojú rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ bù ú kúrò, àmọ́ ẹ má bù ú tán, ara adùn ni.

Tí adìẹ bá ti fẹ́ tó ohun tí ọwọ́ lè gbà, ẹ bó awọ rẹ̀, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì méjì fa ẹran ya. Kó má wẹ́ jù. Èyí tó gùn tó ìka ọmọdé dára. Ẹ fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí eegun wẹ́wẹ́, pàápàá bí ọmọ bá wà lára àwọn tó máa jẹ ẹ́.

Ìdí ọbẹ̀

Nínú ìkòkò mìíràn tí ìdí rẹ̀ nípọn, ẹ yọ́ bọ́tà lórí iná jẹ́jẹ́. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà kejì wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú iyọ̀ bíńtín, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. À ń fẹ́ kó rọ̀, kó máa dán, kó má pọ́n. Bó bá pọ́n, ọbẹ̀ á gba àwọ̀ ilẹ̀, adùn àlùbọ́sà díndín á sì bo ti àgbàdo mọ́lẹ̀. Ẹ gún aáyù sí i, ìṣẹ́jú kan ti tó o.

Ẹ gé pòtétò àti kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ da omi adìẹ lé e. Ẹ jẹ́ kó hó tó ìṣẹ́jú 12, títí pòtétò á fi fọ́ bí ẹ bá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá da hóró àgbàdo àti gbogbo oje rẹ̀ sí i. Àgbàdo tútù kò fẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje lọ. Ti agolo, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, torí ó ti jinná látilẹ̀. Ẹ máa fi orógùn kan ìdí ìkòkò látìgbàdégbà ní àkókò yìí, nítorí sítáàṣì inú oje máa ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń jóná.

Ẹ máa rí i pé omi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki fúnra rẹ̀. Bí sítáàṣì inú àgbàdo àti pòtétò bá ti gbóná dé ibì kan, wọ́n á mu omi, wọ́n á wú, wọ́n á sì di omi náà mú. Kò sí fúláwà kankan níbẹ̀, èyí sì dára fún ẹni tí wíìtì kì í bá lára mu.

Lílọ̀ rẹ̀

Ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ẹ bu ife mẹ́ta nínú ọbẹ̀ náà, kó jẹ́ pé hóró àgbàdo àti pòtétò ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ bù. Ẹ dà á sínú bíléńdà kí ẹ lọ̀ ọ́ kúná fún odindi ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀pọ̀ máa ń pa ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á wá ní ọbẹ̀ àwọn ń há lọ́fun. Èèpo hóró àgbàdo le ju bó ṣe rí lójú lọ.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ohun gbígbóná tí a bá tì mọ́ inú bíléńdà lè tì ìdérí kúrò lójijì, kó sì bó èèyàn lójú. Kó má kọjá ìdajì ẹ̀rọ, ẹ yọ ọmọ ìdérí kékeré tó wà láàárín ìdérí kí ooru lè ráyè jáde, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí eré tó lọ́ra jù.

Bí ẹ bá fẹ́ kó jọ̀lọ̀ gan-an, ẹ fi asẹ́ sẹ́ èyí tí ẹ lọ̀. Èmi kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ bí àgbàdo bá jẹ́ ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbó díẹ̀, sísẹ́ yẹn ló ń mú kó yàtọ̀. Ẹ dà á padà sínú ìkòkò, ẹ rò ó, kí ẹ sì wo bí ọbẹ̀ ṣe yí padà lójú yín. Hóró tí ẹ kò lọ̀ á ṣì máa ta sí eyín láàárín èyí tó jọ̀lọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹnu má tètè sú èèyàn.

Adìẹ àti mílíìkì wọlé

Ẹ da adìẹ tí ẹ fà ya sí i, kí ẹ gbé ìkòkò padà sórí iná tó kéré jọjọ.

Mílíìkì ló gba ìfura jù. Nígbà kan, mo da mílíìkì tútù láti inú fíríìjì sínú ọbẹ̀ tó ń hó, mo sì ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ṣáájú. Ó ya lójú ẹsẹ̀: omi lọ́tọ̀, kókó funfun wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ló ń ya mílíìkì: ìhó líle, ohun kíkan, àti ìgbóná òjijì. Nítorí náà, ẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná ìgbakọ kan sínú ife mílíìkì, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún bu ìkejì. Nígbà tí mílíìkì náà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rọra dà á sínú ìkòkò, kí ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń dà á. Láti ìgbà yìí lọ, ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ hó mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí iná tó ń jó jẹ́jẹ́ ti tó.

Kíríìmù tó ní ọ̀rá púpọ̀ kì í tètè ya bíi mílíìkì lásán, torí ọ̀rá náà ń dáàbò bò ó. Bó bá jẹ́ òun ni ẹ fẹ́ lò, ìdajì ife ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kíríìmù nìkan ni ẹnu á máa gbọ́.

Ẹ wá tọ́ ọ wò. Ìgbà yìí ni kí ẹ pinnu lórí iyọ̀, kì í ṣe ṣáájú, torí omi ti fà, mílíìkì sì ti là á. Ata dúdú lílọ̀, ẹ má ṣahun sí i. Òun ló ń bá adùn àgbàdo wí. Ẹni tó bá fẹ́ ohun kíkan, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú àwo tirẹ̀, kì í ṣe sínú ìkòkò.

Bí nǹkan bá yí padà

Bó bá ṣàn jù, ẹ tún bu ife kan, ẹ lọ̀ ọ́. Bí kò bá tó síbẹ̀, ẹ fi omi tútù ṣíbí ìjẹun méjì po sítáàṣì àgbàdo ṣíbí ìjẹun kan, ẹ dà á sí i nígbà tí ọbẹ̀ ń hó, kí mílíìkì tó wọlé. Omi tútù ni o. Bí sítáàṣì bá bá omi gbígbóná pàdé ní gbígbẹ, kókó ló máa ta.

Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ fi omi, àgbàdo lílọ̀ tàbí mílíìkì là á. Wọ́n máa ń ní ká sọ odindi pòtétò sí i kó fa iyọ̀ mu. Pòtétò kì í yan iyọ̀ mu. Ọbẹ̀ ló ń mu, tòun ti iyọ̀ inú rẹ̀, èyí tó kù sì máa ní iyọ̀ bó ṣe ní in tẹ́lẹ̀.

Bó bá jóná nídìí, ẹ má fi orógùn ha á. Ẹ rọra yí èyí tó wà lókè sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ fi ìdí sílẹ̀. Bí mílíìkì bá ya, ojú ni kò fani mọ́ra, ọbẹ̀ náà ṣì ṣeé jẹ. Ẹ yọ adìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lọ ìyókù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò.

Ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu kò pàdánù. Ọ̀nà tí àwọn ará Ṣáínà ń gbà sè é kò ní mílíìkì nínú rárá, ẹyin ni wọ́n ń lò. Ẹ fi sítáàṣì tí mo júwe lẹ́ẹ̀kan mú ọbẹ̀ náà ki díẹ̀, ẹ lu ẹyin méjì, ẹ dín iná kù, kí ẹ máa da ẹyin náà sí i bí okùn tín-ín-rín, kí ẹ sì máa fi ṣíbí rò ó jẹ́jẹ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Á di òwú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ káàkiri inú ìkòkò. Ẹ lè fi atalẹ̀ rírẹ́ díẹ̀ rọ́pò táìmù níbẹ̀, wọ́n bára mu gan-an.

Títọ́jú èyí tó kù

Kó má ju wákàtí méjì lọ lẹ́yìn tí iná ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ kó tó wọ fíríìjì. Ìkòkò ńlá kì í tètè tutù, nítorí náà ẹ pín in sínú àwọn abọ́ tí kò jìn. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ẹ bá mọ̀ pé inú fírísà ni apá kan máa lọ, ẹ bù ú sọ́tọ̀ kí ẹ tó da mílíìkì sí i, torí mílíìkì àti sítáàṣì kì í fẹ́ràn yìnyín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ gbé e kaná, kí ẹ wá fi mílíìkì rẹ̀ sí i.

Á ti ki gan-an nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì. Ẹ fi omi tàbí omi adìẹ díẹ̀ là á, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, kí ẹ máa rò ó títí ooru á fi máa rú lójú rẹ̀ káàkiri, ìyẹn 74°C fún ẹni tó ní òṣùwọ̀n. Iye tí ẹ máa jẹ nìkan ni kí ẹ gbé kaná, kí ìyókù máa bá oorun rẹ̀ lọ nínú fíríìjì.